Títún Ilé Olókùúta Àtijọ́ Ṣe ní Abúlé Faransé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Ní Ìwé Ìrìnnà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní àwọn abúlé Charente, Dordogne àti Haute-Vienne ní ilẹ̀ Faransé, ilé olókùúta àtijọ́ tí àwọn ọmọ onílé ti kó kúrò nínú rẹ̀ lọ sí ìgboro pọ̀ lọ jàra, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rà wọ́n láti fi ṣe ilé ìsinmi tàbí ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì sí. Yorùbá tó bá ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan náà ló de òun àti òyìnbó aládùúgbò rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń gbèrò irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín wa ni mo kọ èyí fún. Lójú tèmi, kì í ṣe àìsí owó ló ń ba ọ̀pọ̀ àtúnṣe ilé jẹ́ níbẹ̀, bí kò ṣe pé iṣẹ́ tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣáájú: wọ́n á ti kun ilé kí wọ́n tó wá ibi tí omi ń gbà wọ ògiri, wọ́n á ti lu fèrèsé tuntun kí wọ́n tó gba àṣẹ. Bí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra ni mo fi to ọ̀rọ̀ yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fo èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ọjọ́ yín kí ẹ tó ka owó yín

Láti ìparí ọdún 2020 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ pátápátá kúrò lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí ní gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí kò sí àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà láàárín wọn, bí kò bá gba físà. Pé ẹ ra ilé kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún un. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kọ ìwọlé àti ìjáde sílẹ̀ ní ẹnubodè, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò máa fojú wá òǹtẹ̀ nínú ìwé yín mọ́: kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò.

Bí iṣẹ́ ilé náà bá máa gbà ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọrọ físà ọlọ́jọ́ gígùn kí ẹ tó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ń gbà ni ti àlejò, tí wọ́n ń pè ní *visiteur*. Ẹ óò fi hàn pé ẹ ní owó tí ẹ óò máa jẹ láìṣiṣẹ́ àti ìbánigbófò ìlera, ẹ óò sì fìdí físà náà múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ bá débẹ̀. Físà yìí kò gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ gbowó. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ilé ara yín ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ bá aládùúgbò rẹ́ ògiri tí ẹ sì gba owó, ẹ ti rú òfin.

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà kò gbọ́dọ̀ ṣe yín ní òjijì. Ẹni tó ń kó lọ pátápátá lè kó àwọn ohun èlò ilé tó ti lò fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán wọlé láìsan owó ibodè, bó bá ti kọ gbogbo wọn sínú ìwé kan. Ṣùgbọ́n fèrèsé tuntun, páìpù tuntun àti bàtìrúùmù tí ẹ rà ní ẹ̀dínwó ní Birmingham, owó orí ń dúró dè wọ́n bí iye wọn bá ti ju yúrò 430 lọ lọ́wọ́ ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù, tàbí yúrò 300 lọ́wọ́ ẹni tó gba orí ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti isu kò sì ní kọjá láìsí ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò kò sí lára wọn. Ẹran àti wàrà ni wọn kò gbà rárá. Ẹni tí àárò isu bá mú, kó máa rà á ní ọjà Château Rouge ní Paris nígbà tó bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ohun tó yẹ kí ẹ kà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Lọ́dọ̀ lọ́yà tí ìjọba yàn, *notaire*, ni títà àti rírà ilé ti ń parí ní Faransé. Ìwé àdéhùn àkọ́kọ́, *compromis de vente*, ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ló dè yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á, ẹ ní ọjọ́ 10 láti yí ọkàn padà láìpàdánù kọ́bọ̀; lẹ́yìn náà, owó àsansílẹ̀ yín, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 sí 10 nínú 100, wà nínú ewu bí ẹ bá sá. Nítorí náà, inú ìwé yìí ni kí ẹ ti ní kí wọ́n kọ ohun tó lè mú yín fà sẹ́yìn sí, fún àpẹẹrẹ bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ sọ àká di yàrá. Ẹ fi nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 sọ́tọ̀ fún owó notaire àti owó orí tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ fún yín ní ìdìpọ̀ àbọ̀ àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á nítorí pé ó gùn, ó sì wà ní èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iye tí ilé náà yóò ná yín gan-an wà. Ẹ wo ti òjé nínú ọ̀dà bí wọ́n bá ti kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 1949. Ẹ wo ti asbestos, ohun èlò ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bí àṣẹ ìkọ́lé rẹ̀ bá ti ṣáájú oṣù keje ọdún 1997. Páànù aláwọ̀ eérú tó rí bí ìgbì omi tó wà lórí ọ̀pọ̀ àká ní abúlé máa ń ní in, a kì í gé e, a kì í sì í fọ́ ọ. Ẹ wo ti ikán, ti iná mànàmáná, àti èyí tó ń mú owó lọ jù nínú gbogbo wọn, ìyẹn ti ṣọ́kàwé. Ní abúlé, omi ìdọ̀tí kì í sábà lọ sí kòtò ìjọba, inú ihò tó wà nínú ọgbà ló ń lọ. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé kò bófin mu, ẹ̀yin tí ẹ rà á ni òfin ní kí ẹ tún un ṣe láàárín ọdún kan tí ẹ bá ti ra ilé. Ẹ fi ìwé náà dúnàádúrà iye owó ilé nígbà tí ẹnu yín ṣì ròyìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àṣẹ láti ọ̀dọ̀ mairie

*Mairie* ni ọ́fíìsì olórí ìlú, ó wà ní abúlé tó kéré jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ọjọ́ díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí ní irú ibẹ̀. Ẹ tètè lọ kí olórí ìlú kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé “Bonjour, madame” kó tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń dá lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ẹni tó bá fò ó ni wọ́n kà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù, ní báńkì àti níbi gbogbo. Ní ti èyí, ẹ̀kọ́ ilé wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa.

Bí inú ilé nìkan ni ẹ ń tún ṣe, tí ẹ kò fi àyè kún un, ẹ kì í sábà nílò àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ yí ohun tí ojú lè rí láti ìta padà, ìbáà jẹ́ fèrèsé, àwọ̀ ilẹ̀kùn tàbí irú amọ̀ orí òrùlé, tàbí tí ẹ fẹ́ fi yàrá kékeré tí kò ju mítà 20 níbùú lóròó (20 m²) kún ilé, ẹ óò fi ìwé ìkéde, *déclaration préalable*, ránṣẹ́. Oṣù kan ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ àṣẹ ìkọ́lé, *permis de construire*, tó ń gba oṣù méjì, bí gbogbo ilé náà yóò bá sì ju mítà 150 níbùú lóròó (150 m²) lọ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ayàwòrán-ilé tó ní ìwé ẹ̀rí ló gbọ́dọ̀ ya á. Ilé tó bá wà ní sàkáání mítà 500 sí ibi ìrántí ìtàn, àfàìmọ̀ kí oṣù kan má kún un, nítorí pé ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ yóò wò ó pẹ̀lú. Ẹ má ka èyí sí ohun àjèjì: ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún lè jẹ́ ibi ìrántí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àṣẹ bá dé, ẹ gbé pátákó tó ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ará ọ̀nà lè kà á, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni oṣù méjì tí aládùúgbò lè fi ta kò yín ń bẹ̀rẹ̀. Bí pátákó kò bá sí, oṣù méjì náà kò bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ìgbà òtútù kan wo ilé náà

Ìmọ̀ràn tó ṣòro jù láti gbà nìyí, òun náà ló sì ń gba owó là jù. Ẹ tọ́jú yàrá kan àti ilé ìdáná kan tí ẹ lè máa gbé, ẹ dí ibi tí òjò ń gbà wọlé lórí òrùlé, kí ẹ sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ títí òjò oṣù kọkànlá àti yìnyín oṣù kìíní yóò fi kọjá.

Ní àsìkò yìí, ẹ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidi, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dá. Ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí, ibi tó ti ń ṣàn wá bá ògiri, àti bóyá ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, ọgọ́rùn-ún ọdún ti fi erùpẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé títí ògiri fi rì sínú rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọ̀rinrin dé lára ògiri nínú ilé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tún wò ó lóṣooṣù. Bí àmì náà bá ń gòkè lẹ́yìn òjò tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìta ni omi ti ń wá, ilẹ̀ gbígbẹ́ kúrò àti ọ̀nà omi ni ìwòsàn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n ń tà pé ó ń dí omi. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń gbẹ́ ilẹ̀ náà: ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kì í jìn, ẹni tó bá gbẹ́ ẹ kọjá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń pe ògiri wó lulẹ̀.

Ẹ gun àjà pẹ̀lú. Ẹ mú ìtulẹ̀ bóòtù, ìyẹn sukurudiráfà, kí ẹ gún àwọn igi òrùlé ní ibi tí wọ́n ti wọ inú ògiri. Bí irin bá wọlé wọ́ọ́rọ́, kòkòrò tàbí ìjẹrà ti jẹ inú igi náà, káfíńtà òrùlé ni ẹ óò kọ́kọ́ pè nínú gbogbo oníṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Yíyan oníṣẹ́

Gbogbo oníṣẹ́ tó bófin mu ní Faransé ní nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní *SIRET*, oní nọ́ḿbà 14, tí ẹ lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún un, ẹ sì béèrè fún ìwé ìbánigbófò ọlọ́dún mẹ́wàá, *décennale*, tí òfin ọdún 1978 sọ di dandan. Ẹ kà á dáadáa: orúkọ iṣẹ́ tí yóò ṣe fún yín gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìbánigbófò ẹni tó ń kun ilé kò bo òrùlé tó bá kàn fún yín. Ọdún tó wà lórí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìwé iye owó iṣẹ́, *devis*, tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ti di àdéhùn, nítorí náà ẹ gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sì fi wéra ní ìlà sí ìlà. Ilé tó bá ti ju ọdún méjì lọ, ìdá 10 nínú 100 ni owó orí ọjà lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ dípò 20, iṣẹ́ tó ń dín iná lílò kù sì jẹ́ ìdá 5.5. Ẹ̀dínwó yìí wà fún ohun tí oníṣẹ́ bá rà tó sì fi sí i fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra ohun èlò náà fúnra yín, ìdá 20 pé ni ẹ óò san. Nígbà mìíràn, “èmi náà á ra táìsì tèmi” ló ń sọ iṣẹ́ di ọ̀wọ́n.

Ní gbogbo ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá pọ̀ sí, ẹ óò pàdé ọmọ ìlú yín tó ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ láìforúkọsílẹ̀, tó ń sọ èdè tó yé yín, tí owó rẹ̀ sì dínkù. Mo mọ bí ó ti ń wọ ni lójú tó. Ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ láti orí òrùlé yín, ẹ̀yin ni òfin yóò mú, bí òrùlé bá sì jò lọ́dún kẹta, kò sí ìbánigbófò kankan tí ẹ lè di mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òrùlé, lẹ́yìn náà ògiri, pẹ̀lú chaux

Òrùlé ló ń ṣáájú, ariyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, amọ̀ alákòtò ni wọ́n fi ń bo ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kàn tẹ́ léra tí a kò kàn mọ́gi, nítorí náà wọ́n máa ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oníṣẹ́ òrùlé á tò wọ́n padà, á sì pààrọ̀ èyí tó ti fọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè sọ fún yín pé ẹ ní láti kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ní ti ògiri, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ jù lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni pé sìmẹ́ǹtì ni ọ̀tá ilé wọ̀nyí. Ògiri wọn nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 50 tàbí 60, òkúta lójú méjèèjì, erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ láàárín, omi díẹ̀ sì máa ń wọ inú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tó mú un dúró látìgbà náà ni pé omi tó wọlé ń rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá ti rí bí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ilé alámọ̀ ní Ìbàdàn ṣe ń ṣí kúrò lára ògiri ní odindi, tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di lúbúlúbú, ti mọ ohun tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe sí ògiri tó fẹ́ mí.

Ohun tí wọ́n ń lò ni *chaux*, ìyẹ̀fun funfun tó ń wá láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n fi iná sun. Èyí tí wọ́n kọ *NHL 3.5* sí lára àpò rẹ̀ dára fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojú ògiri. Fún òkúta rírọ̀, ẹ lo *NHL 2*. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú, nítorí pé ó ń jó ẹran ara, ó sì lè fọ́ ojú. Báyìí ni ẹ óò ṣe é:

Ẹ ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ àti erùpẹ̀ tó ti rọ̀ kúrò láàárín òkúta dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku rẹ̀ dànù. Ẹ wọ́n omi sí ògiri lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún wọ́n ọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òkúta gbígbẹ yóò fa omi inú àpòpọ̀ tán kó tó mú. Ẹ pò ó ní ìwọ̀n chaux kan sí yanrìn méjì àbọ̀ tàbí mẹ́ta, kí omi rẹ̀ má pọ̀. Yanrìn àdúgbò ni kí ẹ lò, òun ló ń fún ògiri ní àwọ̀ àwọn ilé yòókù lábúlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ àárín òkúta dáadáa, ẹ jẹ́ kó dúró títí àtàǹpàkò yín kò fi ní lè rì sínú rẹ̀ mọ́, nígbà náà ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ojú rẹ̀ kí etí òkúta lè yọ. Ẹ fi àpò tútù bò ó bí oòrùn bá mú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí bí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 5 Celsius lọ tàbí tí yìnyín lè bọ́ lóru, nítorí náà àárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ló dára.

Ìgbésẹ̀ keje: Iná àti omi

Iná Faransé àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ́ 230 fólítì, ṣùgbọ́n wíwáyà wọn yàtọ̀ gidigidi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń yí ilé ká padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, fíúùsì sì wà nínú púlọ́ọ̀gì. Ní Faransé, òfin wíwáyà tí wọ́n ń pè ní *NF C 15-100* ní kí wáyà kọ̀ọ̀kan ti inú àpótí iná lọ tààrà: sọ́kẹ́ẹ̀tì 8 ó pọ̀ jù lórí wáyà 1.5 mm² pẹ̀lú bíréékà 16 A, tàbí 12 lórí wáyà 2.5 mm² pẹ̀lú bíréékà 20 A, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ aṣọ́ná 30 mílíáḿpù, èyí tó ń gé iná kó tó gbé ènìyàn. Nítorí náà ẹ má kó sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà láti ilé. Ewu kan wà tó lè pa ènìyàn: nínú ilé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà dúdú ni kò ní iná, ṣùgbọ́n ní Faransé, wáyà dúdú lè jẹ́ èyí tí iná wà nínú rẹ̀, búlúù ni kò ní. Ẹ fi ẹ̀rọ dán an wò kí ọwọ́ tó kàn án.

Ìwọ̀n iná tí ẹ lè lò lẹ́ẹ̀kan náà wà nínú àdéhùn yín pẹ̀lú iléeṣẹ́ iná. Bó bá jẹ́ 6 kVA, tí ẹ tan ìgbóúnjẹ oníná, kẹ́tù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná papọ̀, mítà fúnra rẹ̀ yóò gé iná. Wáyà kò bàjẹ́, ẹ kàn sọ fún wọn kí wọ́n sọ ọ́ di 9.

Ní ti omi, àwọn ẹnu páìpù tí wọ́n ń fi ìlọ́ dè bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu: èyí tí wọ́n ń pè ní 15/21 ní Faransé ni ti ìdajì ínṣì, 20/27 sì ni ti ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ páìpù bàbà fúnra rẹ̀ yàtọ̀, ti Faransé sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 14, 16 tàbí 18, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ 15, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ omi gbígbóná máa ń sun omi díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ ìdáàbòbò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹ bá ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù, ẹ ti omi ìta pa, kí ẹ sì tú gbogbo èyí tó wà nínú páìpù dànù, kí yìnyín má baà là á.

Bí ẹ óò ṣe máa gbé níbẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé lábúlé sábà máa ń tì láàárín agogo 12 sí 2 ọ̀sán, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í sì í sí níbi iṣẹ́ nínú oṣù kẹjọ. Ẹ má fi í ṣe ìbínú, ẹ kàn fi sínú kàlẹ́ńdà yín. Ẹ béèrè ní mairie nípa wákàtí tí ẹ lè fi lo ẹ̀rọ aláriwo, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá ń fi igi dáná nínú ilé, ẹ pe ẹni tó ń fọ ihò èéfín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀, nítorí pé ìbánigbófò yóò béèrè rẹ̀ bí iná bá ṣẹ́yọ. Ẹ lẹ nọ́ḿbà 15 fún dókítà pàjáwìrì, 18 fún panápaná, àti 112 fún pàjáwìrì èyíkéyìí, mọ́ ara ògiri fún gbogbo oníṣẹ́ láti rí. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gba fọ́ọ̀mù S1 kó tó kó lọ, kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè san owó ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn yòókù lè béèrè láti wọ inú ètò ìlera Faransé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ tó gba àṣẹ bá parí, ẹ fi fọ́ọ̀mù ìparí iṣẹ́, *DAACT*, ránṣẹ́ sí mairie, kí ẹ sì sọ fún iléeṣẹ́ owó orí láàárín ọjọ́ 90 bí ilé náà bá ti fẹ̀ sí i. Gbogbo rìsíìtì àwọn oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ kó sínú fáìlì kan, nítorí pé bó bá jẹ́ ilé ìsinmi ni, tí ẹ sì tà á lọ́jọ́ iwájú, rìsíìtì wọ̀nyẹn lè dín owó orí tí wọn yóò gbà lórí èrè yín kù, ṣùgbọ́n ohun èlò tí ẹ fọwọ́ ara yín rà tí ẹ sì fọwọ́ ara yín ṣe kì í sábà wọ inú ìṣírò náà.